Ebi la fi ń pa ẹ̀kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní koríko ẹ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo oko yín, tẹ́ ẹ ń ro ó, tẹ́ ẹ tún ń sun ún, tó sì tún ń yọrí, tẹ́ ẹ ò sì fẹ́ fọ́n oògùn apakoríko, mo mọ ohun tójú yín ń rí. Ilẹ̀ tí mo ń dá báyìí, ẹ̀kan ló kún un bámúbámú nígbà tó dọ́wọ́ mi. Oògùn kankan ò kàn án.

Iná yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ ńbẹ̀. Ewé nìkan niná ń jó. Gbòǹgbò funfun tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ wà níbẹ̀ láìfarapa, igi kéékèèké tí ì bá ṣíji bò ó ló kú dànù, ẹ̀kan á wá ráyè. Iná tún máa ń mú kó tanná, atẹ́gùn á sì gbé èso rẹ̀ káàkiri.

Inú gbòǹgbò yẹn ló ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá gé e lẹ́ẹ̀kan, á fi oúnjẹ yẹn hu ewé tuntun, ewé tuntun á sì dá oúnjẹ padà fún un. Ẹ má jẹ́ kó dé ibẹ̀. Bó bá ti ń yọrí ni kẹ́ ẹ tún gé e, kẹ́ ẹ má fún un láyè sinmi. Gígé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, iṣẹ́ àṣedànù ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa ń tú ilẹ̀. Púpọ̀ nínú gbòǹgbò náà ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ sísàlẹ̀, ọkọ́ á bá a. Ẹ hú u síta fún oòrùn, kó gbẹ títí á fi máa ṣẹ́ pẹ́kẹ́. Ẹni tó bá tú u nígbà òjò, ẹ̀kan ló ń gbìn, torí ègé kékeré tó bá ní oríkèé lè hù. Ìdí nìyí tí mi ò kì í jẹ́ kí katakata gé ilẹ̀ tútù wẹ́wẹ́ fún mi, bó ti wù kó yá tó.

Àmọ́ ìbòòji gan-an ló ṣẹ́gun rẹ̀. Mùkúnà ni mo gbìn, ẹbí wèrèpè, ẹ̀yà tí kò ní irun tó ń yúnni lára. Ẹ gé ẹ̀kan mọ́lẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ gbin mùkúnà nígbà tójò bá ti fìdí múlẹ̀, kẹ́ ẹ máa ro ó títí ìtàkùn rẹ̀ á fi nà bo ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi mùkúnà àti ẹ̀kan sílẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, mùkúnà á gbẹ sórí ilẹ̀, á tún sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Àwọn àgbẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Benin bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bẹ́ẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń gun nǹkan. Tí àgbàdo bá wà ńbẹ̀, ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kẹ́ ẹ tó gbin mùkúnà sáàárín rẹ̀. Sáàárín ẹ̀gẹ́, èmi ò ní dán an wò. Ẹ má sì sè é bí ẹ̀wà lásán o: èròjà L-dopa wà nínú hóró rẹ̀, ó sì lè da ara rú.

Abẹ́ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, mi ò kì í gé ẹ̀kan ibẹ̀. Mo máa ń so okùn mọ́ pátákó gígùn lórí méjèèjì, màá gbé e lé ẹ̀kan tó ti ga ju mítà kan lọ, màá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Torí pé a ò gé e, kì í tètè rú, èyí tó wà lókè á sì ṣíji bo ti ìsàlẹ̀. Ó rọrùn fún ẹ̀yìn ju àdá lọ, ká sòótọ́.

Ẹ má retí kó tán lọ́dún kan. Etí oko ni mo ń ṣọ́ jù báyìí, torí gbòǹgbò ń rìn wọlé láti ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbẹ́ kòtò tóóró yí i ká, mo sì ń gé èyí tó bá yọ orí síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ́ kúrò lórí ilẹ̀ ẹlẹ́kan lọ síbòmíràn, ẹ gbọn ún dáadáa.