Béèrè ibi tí bàálù wọn ń sùn

Màmá Ìrètí ló kọ̀wé sí wa láti Ìgbógbó, ní Ìkòròdú. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún 34 ni mí, igbákejì kápútéènì sì ni mí nínú bàálù tó ń ná ìlú sí ìlú nílẹ̀ wa níbí. Ọmọ méjì ni mo bí: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, èkejì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. Bí mo bá ní ìrìn àárọ̀, aago mẹ́ta òru ni mo ń jáde nílé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 má baà dá mi dúró. Bí mo bá ní ti ọ̀sán, tí bàálù sì pẹ́, Àbújá ni mo máa ń sùn. Olùkọ́ ìjọba ni ọkọ mi. Ó ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, kí òun ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹja tútù fún mi ní Sábó. Ìyá rẹ̀ ní òun kò rí ìyàwó ilé tó ń sùn káàkiri báyìí rí. Wákàtí 1,150 ni mo ti fò. Ṣé iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì kan wà téèyàn fi lè máa rí ọmọ rẹ̀?"

Màmá Ìrètí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ta ló sọ fún bàbá Ìrètí pé oníṣòwò ẹja tútù máa ń tètè wálé? Obìnrin tó bá fẹ́ jèrè ní Sábó, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó ti ń lọ ra ọjà, ilẹ̀ á sì ti ṣú dáadáa kó tó tilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru, á tún dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹja má baà rà. Bó bá jẹ́ àkókò lò ń wá, kò sí nínú firísà.

Iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì tó gba ti ọmọ rò wà. Ṣùgbọ́n irú bàálù àti owó oṣù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ béèrè. Èmi ní tèmi, ohun tí mo máa béèrè ni pé: lálẹ́, níbo ni bàálù yín ń sùn? Bàálù tó bá ń sùn l'Ékòó, àwọn tó wà á padà máa ń sùn l'Ékòó. Ilé iṣẹ́ tí ilé rẹ̀ wà níbòmíràn, irú Ibom Air tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 tó fi Uyo ṣe ilé, o gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá wọ́n ń gba ẹni tí yóò fi Èkó ṣe ibùdó, àbí o máa kó lọ bá wọn. Kíkó lọ náà kò burú o. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí pápákọ̀ ní ìlú kékeré lè máa jẹun alẹ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ju ìwọ tó wà ní Ìgbógbó lọ.

Ìwọ fúnra rẹ mọ ìdí tí ìrìn ọ̀sán fi ń gbé ọ sùn níta. Pápákọ̀ púpọ̀ nílẹ̀ wa kò ní iná tí bàálù lè fi balẹ̀ lóru, kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n ti ń tì í. Bí ìrìn àkọ́kọ́ bá pẹ́ láàárọ̀, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e á máa sún síwájú títí ọjọ́ á fi lọ tán. Lásìkò ọyẹ́, ó tún ń burú sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí o yàn, yan ìrìn àárọ̀. Òun ló sábà máa ń pa àdéhùn mọ́.

Mo mọ ohun tó o máa sọ: aago mẹ́ta òru ńkọ́? Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ wà, mi ò sì rò pé iṣẹ́ tuntun nìkan ló máa yanjú rẹ̀. Ìgbà tó o bá dé ibi iṣẹ́, tó o fara hàn, ni òfin ti ń ka wákàtí iṣẹ́ rẹ. Àwọn ará Yúróòpù fi ìwọ̀n sí i pé páílọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ fò ju wákàtí 100 lọ láàárín ọjọ́ 28, tàbí 900 láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejìlá ọdún kan. Ṣùgbọ́n kò sí òfin, lọ́dọ̀ wọn tàbí lọ́dọ̀ wa, tó ń ka wákàtí tó o lò lójú ọ̀nà ní Ògólóńtò àti Kétu. Ẹni tó jí láago méjì ààbọ̀, tó wá ń gbé bàálù balẹ̀ láago kan ọ̀sán, ti la ojú sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá. Ìwọ nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ náà kàn, àwọn èrò tó wà lẹ́yìn rẹ náà ńkọ́?

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kan máa ń dáwó gba yàrá sí Máfolúkù tàbí Àjàó Estate nítòsí pápákọ̀, kí wọ́n lè sùn níbẹ̀ bí ìrìn àárọ̀ bá kù sí ọ̀la. Ìyẹn dára fún àpọ́n. Fún ìyá ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, mi ò fọwọ́ sí i, nítorí alẹ́ tó o tún máa pàdánù nìyẹn. Ẹ kó kúrò ni mo fẹ́. Bí ọkọ rẹ bá ń kọ́ni nílé ìwé girama ìjọba Èkó, Education District II ni Ìkòròdú wà, òun àti Kóṣọ̀fẹ́ àti Ṣómólú. Ó lè tọrọ ìṣípòpadà sí ọ̀nà Ògùdù tàbí Ọjọ́ta láì kúrò lábẹ́ àwọn ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n. Owó ilé á wọ́n ju ti Ìgbógbó lọ, irọ́ kọ́. Ẹ jókòó ṣírò rẹ̀ pọ̀, ẹ sì ka owó epo mọ́ ọn.

Ní ti àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn á ní kí o lọ wa hẹlikópítà àwọn elépo, torí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ń sinmi ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ìwé àṣẹ rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ, owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bàálù àwọn olówó ńkọ́? Owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wu ọ̀gá ló ń pè. Má dé ibẹ̀. Bàálù ẹrù sì rèé, òru ló fẹ́ràn. Ilé iṣẹ́ bàálù Ryanair ní Yúróòpù máa ń jẹ́ kí páílọ́ọ̀tì fò fún ọjọ́ márùn-ún kó sinmi mẹ́rin, ìyẹn sì wù mí fún abiyamọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ Yúróòpù máa jókòó ṣe ìdánwò 13, kó tún ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí o kò bá tíì ní in lọ́kàn láti kó ọkọ àti ọmọ kọjá òkun, fi í sílẹ̀ ná.

Iṣẹ́ tó bá ọ mu jù lọ lójú tèmi ni kíkọ́ni. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fò. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ páílọ́ọ̀tì ní Zaria wà láti 1964, ti Ìlọrin náà sì wà nítòsí ilé ju ìyẹn lọ. Àwọn olùkọ́ símúlétọ̀ (ẹ̀rọ tí páílọ́ọ̀tì fi ń kọ́ṣẹ́ lórí ilẹ̀) wà, àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ àti ààbò nínú ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ bàálù wà, àwọn olùbẹ̀wò NCAA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, náà wà tí wọ́n jẹ́ páílọ́ọ̀tì tẹ́lẹ̀. Kápútéènì Chinyere Kalu, tí a mọ̀ sí obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di páílọ́ọ̀tì akérò, Zaria ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì padà di ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà láti 2011 títí di 2014. Ta ló wá ní ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ti parí iṣẹ́?

Àmọ́ má sáré. Wákàtí 1,500 ni wọ́n ń béèrè kí èèyàn tó gba ìwé àṣẹ ATPL, tí ó lè fi di kápútéènì. Ó kù ọ́ 350. Bó o bá kúrò nísinsìnyí, igbákejì lo máa jẹ́ lọ sí ibikíbi tó o bá fẹ́ lọ, wàá sì máa gba ohun tí wọ́n bá fún ọ. Bó o bá kọ́kọ́ di 1,500, ìwọ náà á lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí ó bá rẹ̀ ọ́ jù, tọrọ ìsinmi láìgbowó dípò kó o kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Rántí pé ẹni tí kò bá gbéra, tí kò sì balẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 90 ọjọ́ kò gbọdọ̀ gbé èrò títí yóò fi ṣe àtúnṣe rẹ̀.

Bí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, béèrè ìgbà tí rọ́sítà, ìwé tó ń sọ ọjọ́ tí kálukú máa fò, máa ń jáde. Èyí tó jáde ní oṣù kan ṣáájú sàn ju owó oṣù tó fi díẹ̀ lé tìrẹ lọ. Béèrè bóyá èèyàn lè tọrọ ọjọ́, bóyá ilé lo ti máa dúró dè wọ́n àbí pápákọ̀ lọ́jọ́ ìdúródè, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n lè pè ọ́ nígbàkígbà. (Ọjọ́ Orò Ìkòròdú wà nínú ohun tó yẹ kó o tọrọ. Wọ́n ń kéde rẹ̀ ṣáájú, mi ò sì mọ bó o ṣe máa ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ láago mẹ́ta òru pé obìnrin kò gbọdọ̀ jáde.)

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, má bá a jà. Ọkọ rẹ ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ ni, ọ̀sán ló ń dé ilé, ọmọ rẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì. Wọn kò tíì sọ fún un pé ó ń rìn káàkiri bó bá kó ọmọ iléèwé rẹ̀ lọ sí ìdíje.

Lónìí, kó o tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, mú ìwé àdéhùn tó o fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní bàálù tó ò ń wà yìí jáde. Wo iye ọdún tí wọ́n fi dè ọ́, àti iye tó o máa dá padà bó o bá kúrò kí ó tó pé. Bí kò bá yé ọ, gbé e lọ bá lọ́yà.