Ṣé ó dìgbà tí ìrora bá dé kí ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tó mumi nínú Ràmàdáànì?

ÌBÉÈRÈ: As-salaamu alaykum, ẹ̀yin ààfáà wa. Mararaba ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 15, ó ti bàlágà, SS sì ni jínótáìpù rẹ̀, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa ní ọsibítù pé kò gbọdọ̀ pẹ́ láìmumi. Ní Ràmàdáànì tó kọjá, ó yọ́ ààwẹ̀ gbà, torí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé kéwú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Oṣù kò tíì dé ìdajì tí ìrora eegun fi dá a dùbúlẹ̀, ọsibítù la gbé e lọ. Ní báyìí, ohùn ààfáà kan ń lọ kiri lórí WhatsApp láàárín àwa alásàláátù. Ó ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mu omi púpọ̀ ní sàárì, kó gbé ààwẹ̀ rẹ̀, ìgbà tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ ni kó tó já a. Ó ní arúgbó nìkan ni fídíyà (bíbọ́ tálákà dípò ààwẹ̀) wà fún, àti pé hàntú (omi tí wọ́n fi fọ áyà Kùránì tí wọ́n kọ) tó fi rọ́pò oògùn. Bàbá ọmọ ti gbà á gbọ́. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumus-salaam wa rahmatullah. Ìyá wa, Ọlọ́hun yóò fún ọmọ yín ní àlàáfíà. Láti Kubwa dé Lugbe, kò sí ibi tí wọn ò ti fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí mi. Bí dókítà tó ń tọ́jú ọmọ yín bá ti sọ pé kó má gbààwẹ̀, kò ní gbà á. Kò sì ní dúró de ìrora kankan.

Ààfáà náà ò sẹ́ pé Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ta ló lè sẹ́ ẹ, nígbà tó wà nínú Súrátul-Bákárà, áyà 184 àti 185? Ohun tó ń sọ ni pé ọmọ tó jí ní sàárì tó ń rẹ́rìn-ín kì í ṣe aláìsàn, àfi tó bá ń ké. Ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Màlíkì ni wá, ìlànà Imaamu Malik la ń tẹ̀ lé, ìwé òfin rẹ̀ tó ń jẹ́ Mukhtasar Khalil sì wà lọ́wọ́ àwọn ààfáà láti Ilọrin dé Sókótó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àìsàn téèyàn bá bẹ̀rù pé yóò le sí i, tàbí pé yóò pẹ́ lára, tó láti jẹ ààwẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ikú tàbí ìpalára ńlá lèèyàn ń bẹ̀rù, jíjẹ ẹ́ di dandan. Orí ìbẹ̀rù ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kà. Àmọ́ kì í ṣe ìbẹ̀rù ọ̀lẹ o. Ọ̀rọ̀ oníṣègùn tó ṣeé fọkàn tán ni, tàbí ohun tójú ẹni ti rí rí. Ọmọ yín ní méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn sàábé, àwọn tó bá Ànábì gbé. Ní ojú ogun Dhatus-Salasil, ní ọdún 8 Híjírà, jánábà (àìmọ́ tó ń mú ìwẹ̀ di dandan) mú Amr ibn al-As ní òru tó tutù burúkú. Ó bẹ̀rù pé tóun bá wẹ̀, òun á kú. Ó ṣe tàyámámù (ó fi erùpẹ̀ mímọ́ rọ́pò omi), ó sì léwájú ìrun. Nígbà tí wọ́n rò ó fún Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a), Amr ní òun rántí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun pé, “Ẹ má ṣe pa ara yín.” Ànábì rẹ́rìn-ín, kò sì sọ nǹkan kan. Àbí Amr kọ́kọ́ wẹ̀ ná, kó fi wo bóyá òtútù á pa á?

Ẹnì kejì tí Jabir, sàábé mìíràn, ròyìn rẹ̀, òkúta ló fọ́ ọ lórí lójú ìrìn-àjò, jánábà sì mú un. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá ìyọ̀ǹda wà fóun. Wọ́n ní kò sí, ṣebí omi wà. Ó wẹ̀, ó kú. Ànábì ní, “Wọ́n ti pa á, kí Ọlọ́hun pa wọ́n! Kí ló dé tí wọn ò béèrè nígbà tí wọn ò mọ̀?” Kí ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Ṣé ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kankan kó tó sọ̀rọ̀? Nígbà tí omi bá wọ́n lára ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á le, á tẹ̀ bíi dòjé, á sì dí àwọn iṣan kéékèèké. Ìdíwọ́ yẹn gan-an ló ń di ìrora, ó sì lè dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ. Kí ìrora tó dé, ẹ̀jẹ̀ ti dí. Omi ife kan kì í sábà lè dá a padà mọ́. Ti omi sàárì tó ń sọ yẹn, kídìnrín wọn kì í lè dá omi dúró bíi ti ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi ń tọ̀ sórí ibùsùn. Omi tó mu ní aago márùn-ún òwúrọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti tọ̀ ọ́ tán. Ẹ tún wo ooru oṣù Màáṣì ní Abuja níbí, níbi tí Ràmàdáànì ti ń bọ́ sí láti 2023, wákàtí tó ju 13 lọ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di màgàríbà.

Ká má purọ́ mọ́ ẹ̀sìn: Paludrine àti folic acid tó ń lò lójoojúmọ́, ó ṣeé lò nígbà ìṣínu, wọn kì í ṣe àwáwí. Omi ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn mìíràn wà tí ara wọn gbé e tí dókítà sì yọ̀ǹda fún, kí wọ́n gbà á. Ti hàntú, mi ò bá yín jà, ẹ fún un mu. Àmọ́ Ànábì ní kí á wá oògùn, torí Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ọjọ́ ogbó. Ó tún yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ní kọ́mọ má mumi ló ń kọ hàntú fún un. Kí ni hàntú, bí kò ṣe omi?

Ní ti fídíyà, bí dókítà bá ní ó lè gba ọ̀kọ̀ọ̀kan lásìkò òjò, kó máa san án padà bẹ́ẹ̀. Tó bá ní kò lè gbà á rárá, ẹ máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kan. Arúgbó lọ́kùnrin lóbìnrin ni Ibn Abbas dárúkọ. Àwọn onímímọ̀ fi aláìsàn tí a kò retí kí àìsàn rẹ̀ lọ kún un, torí ohun kan náà ló ń dí wọn lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ àwa Màlíkì, ohun tó dára ni, kì í ṣe dandan. Àwọn mìíràn ní dandan ni. Ẹ yọ ọ́, kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni ìwọ̀n rẹ̀. Mudu tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ lọ́jà Mararaba tóbi jù ú lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mudu ọjà gba ìrẹsì lọ́wọ́ yín.

Ìwọ ọmọ mi, má yọ́ ààwẹ̀ gbà mọ́. Àwọn tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé wọn kì í jẹ ààwẹ̀ nígbà nǹkan oṣù wọn ni? Ta ló ń bi wọ́n? Ẹ̀yin ilé kéwú tí ẹ ń bi ọmọ ní kíláàsì pé ààwẹ̀ mélòó lo ti gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ẹ̀yin alásàláátù, bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àìsàn yìí, ẹ sọ fáwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù kí wọ́n tó fẹ́ra. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kọ́mọ jẹ́ SS. Èmi kì í so yìgì láìrí ìwé náà.

Àwọn ọjọ́ tó gbà lọ́dún tó kọjá wà fún un, ó gún. Èyí tó jẹ, kí dókítà sọ bóyá sísan ni tàbí fídíyà. Kí bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù nínú oṣù Ṣàábánì tó ṣáájú Ràmàdáànì, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Òun náà ni kó gbé ìrẹsì fídíyà.