Kí ni a fi ń mọ yunifásítì tó jẹ́ àgbà nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Amẹ́ríkà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, kóòṣì. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ibí náà la sì bí ọmọ wa ọkùnrin sí. Ó máa jáde girama lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ga, ó sì mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gbá débi pé yunifásítì méjì ti ń kọ̀wé sí i. Ọ̀kan nínú wọn kì í kọ̀wé kó má sọ pé “elite”, ìyẹn àgbà, ni àwọn. Ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn nílé wa. Bàbá rẹ̀ ní bí a bá ń sọ̀rọ̀ àgbà, Yunifásítì Houston tó wà nílùú wa níbí kò kéré. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà ní irọ́ ni, pé ẹgbẹ́ tí kò gba ife NCAA, àjọ tó ń ṣètò ìdíje àwọn yunifásítì, rí kò lè jẹ́ àgbà. Kí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n gan-an? Kí ló sì yẹ ká bi wọ́n ká tó fọwọ́ síwèé?
Ìyá ọmọ kan, Houston

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín parí àríyànjiyàn yẹn, torí inú rẹ̀ ni ohun tí ẹ máa bi wọ́n ti máa jáde.

Ife ni gbogbo ayé kọ́kọ́ máa ń kà, kò sì burú. Láti 1939 tí ìdíje NCAA ti àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ títí di 2025, UCLA ló gba ife jù, 11. Kentucky ní 8. North Carolina àti Connecticut, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí UConn, ní mẹ́fà-mẹ́fà. Duke àti Indiana ní márùn-ún-márùn-ún, Kansas sì ní mẹ́rin. Yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní Division I, ìpele tó ga jù, ju 350 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì tíì fọwọ́ kan ife náà rí. Ẹni tó bá ní mẹ́rin kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé.

Àmọ́ ẹ wo Indiana nínú orúkọ wọ̀nyẹn. Ní 1976, wọ́n gbá eré 32, wọ́n jáwé olúborí nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gbé ife. Títí di 2025, kò tíì sí ẹgbẹ́ ọkùnrin mìíràn tó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, 1987 ni ife wọ ilé wọn kẹ́yìn, 2002 sì ni wọ́n dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn, ìyẹn Final Four, gbẹ̀yìn. Wọn ò tíì bí ọmọ yín nígbà náà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìtàn Indiana gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n ka àwọn àgbà tòní fún yín, mi ò ní dárúkọ wọn.

Ìdí mìíràn tí mi ò fi ń ka ife nìkan ni bí ìdíje náà ṣe rí. Ẹgbẹ́ 68 ló ń wọ̀ ọ́ lóṣù kẹta ọdún. Ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ilé ló ń lọ, kò sí àǹfààní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó máa gbé ife gbọ́dọ̀ jáwé olúborí nínú eré mẹ́fà léraléra láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ NCAA máa ń pín àwọn ẹgbẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n á sì tò wọ́n láti ipò kìíní dé ipò 16 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2018, Virginia ni wọ́n fi sí iwájú gbogbo ẹgbẹ́ tó wọlé. UMBC, yunifásítì kan láti Maryland tí wọ́n tò sí ipò 16, nà wọ́n 74 sí 54, ohun tí ipò 16 kò ṣe fún ipò kìíní rí nínú ìdíje àwọn ọkùnrin. Ní 2019, Virginia yìí kan náà, lábẹ́ kóòṣì kan náà, ló gbé ife. Ẹgbẹ́ gidi ni wọ́n lọ́dún méjèèjì. Alẹ́ kan ló yàtọ̀.

Ọmọ wa náà ti jẹ nínú irú ìyà yẹn. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ló dúró lábẹ́ àwọ̀n fún Houston ní àṣekágbá ọdún 1983 nílùú Albuquerque, North Carolina State sì ni wọ́n ń bá gbá. Ẹgbẹ́ yẹn ti pàdánù eré 10 kí wọ́n tó débẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ọkàn sí wọn. Ó wá di 52 sí 52, ìṣẹ́jú àáyá péréte ló kù. Dereck Whittenburg ti North Carolina State ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, bọ́ọ̀lù ò dé ibi irin. Lorenzo Charles, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fò, ó gbá a mú lókè lọ́hùn-ún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì rì í sínú àwọ̀n. 54 sí 52, eré parí. Olajuwon ti ju pọ́ìntì 20, ó ti gba bọ́ọ̀lù 18 tó ta padà lára irin, òun náà sì ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù nínú ìdíje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pàdánù. Ó ṣì máa ń dùn mí tí mo bá rí fídíò rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ yín lè ní, “Ṣé ẹ rí i, wọn ò gbà á!” Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Houston dé Final Four ní 1982, 1983 àti 1984. Georgetown ti Patrick Ewing nà wọ́n ní àṣekágbá 1984. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí NBA, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, wọ́n mú Olajuwon ṣáájú gbogbo èèyàn, títí kan Michael Jordan. Guy Lewis tó jẹ́ kóòṣì wọn fẹ̀yìn tì ní 1986. Láti 1984 títí di 2018, Houston kò tún jáwé olúborí nínú eré ìdíje NCAA kan ṣoṣo. Ọdún 34! Ilé tí kóòṣì kan àti ìran agbábọ́ọ̀lù kan fi èjìká gbé ni. Bí wọ́n ṣe jáde, ilé wó.

Òun ni ìwọ̀n tí èmi ń lò, mà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ náà nígbà tí kóòṣì tó gbé e ga lọ. Ní Kentucky, kóòṣì márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti gbé ife wálé: Adolph Rupp gbé mẹ́rin láti 1948 sí 1958, Joe Hall gbé ti 1978, Rick Pitino ti 1996, Tubby Smith ti 1998, John Calipari ti 2012. Ní Kansas, James Naismith tó dá eré yìí sílẹ̀ ní 1891 ni kóòṣì àkọ́kọ́. Ìyanu ibẹ̀ ni pé òun nìkan ni kóòṣì Kansas tó pàdánù ju iye tó jáwé olúborí lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Phog Allen gbé ife, Larry Brown gbé e, Bill Self sì gbé e lẹ́ẹ̀mejì. UCLA ni mo máa ń ronú lé lórí. John Wooden gbé ife 10 láàárín ọdún 12, láti 1964 sí 1975. Láti ìgbà tó ti lọ títí di 2025, ẹyọ kan péré ni wọ́n rí gbé sí i, ní 1995. Wọ́n ṣì ń dé Final Four lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà wọn ò kú, àmọ́ orúkọ Wooden ló ń gbé apá tó pọ̀ jù nínú iyì wọn títí dòní. Duke náà, ọwọ́ Mike Krzyzewski nìkan ni ife márààrún ti wá. Ó lọ ní 2022, Jon Scheyer tó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ gba ipò, ó sì ti dé Final Four ní 2025. Ọkàn mi balẹ̀ nípa Duke.

Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo fi ṣe àpẹẹrẹ, UConn ni màá mú. Storrs tí wọ́n wà kì í ṣe ìlú ńlá, oko ló yí i ká. Jim Calhoun débẹ̀ ní 1986, ó gbé ife 1999, 2004 àti 2011. Kevin Ollie gbé ti 2014. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣubú gidi, wọ́n ń pàdánù ju iye tí wọ́n ń jáwé olúborí lọ, wọ́n sì lé Ollie ní 2018. Àwọn tó ń sọ pé ó ti parí fún wọn kò kéré. Dan Hurley dé lọ́dún yẹn, wọ́n padà sí líìgì Big East ní 2020, wọ́n sì gbé ife 2023 àti 2024 tẹ̀ léra. Eré 12 ni wọ́n gbá nínú ìdíje méjèèjì, kò sí ẹni tí wọn ò fi pọ́ìntì 10 ó kéré tán nà nínú wọn. Ẹgbẹ́ tó lè ṣubú bẹ́ẹ̀ kó sì dìde báyìí ni mò ń pè ní àgbà.

Kí ló ń gbé wọn dìde? Owó wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Kò sí ẹgbẹ́ NBA kankan ní ìpínlẹ̀ Kentucky, kò sí ní Kansas, kò sí ní Connecticut. Ìfẹ́ tí ìlú mìíràn pín fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, yunifásítì nìkan ló ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Allen Fieldhouse, pápá ìṣeré Kansas, ń gbà ju 15,000 lọ, pápá ìṣeré Kentucky ń gbà ju 20,000 lọ, bí kóòṣì bá sì ṣe ìfàsẹ́yìn fún ọdún méjì, àwọn èèyàn yẹn ò ní jẹ́ kí ọ̀gá yunifásítì sùn. Àwọn ni wọ́n ń rọ̀jò owó, àwọn náà ni wọ́n ń lé kóòṣì.

Owó fúnra rẹ̀ ti yí padà. Láti oṣù keje 2021 ni agbábọ́ọ̀lù ti lè máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní NIL. Láti 2025, yunifásítì lè san owó fún wọn láti àpò tirẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún gbogbo eléré ìdárayá rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Níbi tí wọ́n ti ń gbá fúbọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà gidi, fúbọ́ọ̀lù ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kàn béèrè bóyá yunifásítì náà lówó. Ẹ béèrè èló ló kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n.

Ó wá ku Houston. Kelvin Sampson gbà á ní 2014. Wọ́n dé Final Four ní 2021, wọ́n wọ líìgì Big 12 tó le bí ojú ẹja ní 2023, wọ́n sì ṣe ipò kìíní nínú ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ fún wọn ní ọ̀kan nínú ipò kìíní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìdíje ní 2023, 2024 àti 2025. Lọ́dún 2025 yẹn, wọ́n jáwé olúborí nínú eré 35, wọ́n pàdánù 5 péré. Wọ́n nà Duke 70 sí 67, kí Florida tó fi 65 sí 63 gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Bàbá ọmọ ló jàre, mà. Houston wà lára àwọn àgbà tòní, kódà láìsí ife. Bóyá wọ́n máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn Sampson, tí wọ́n bí ní 1955, ni ìdánwò tó kù fún wọn.

Ní ti ohun tí ẹ máa bi wọ́n, ọ̀rọ̀ kóòṣì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ọdún mélòó ló kù nínú àdéhùn rẹ̀? Bó bá lọ, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí sikọ́láṣíìpù ọmọ? Ìdáhùn yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kì í ṣe lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ tó gbá ipò tí tiyín ń gbá fún wọn láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kí wọ́n sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lónìí. Òfin tuntun ti jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù máa kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn láì jókòó ọdún kan mọ́, nítorí náà ẹgbẹ́ ńlá kì í fẹ́ dúró de ọmọ kí ó dàgbà. Wọ́n á lọ mú ẹni ọdún 22 tó ti gbó níbòmíràn, ọmọ yín á sì wà lórí bẹ́ǹṣì. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọlé láti girama ti kúrò kó tó pé ọdún méjì, ẹ ti rí èsì yín.

Ìwé kíkà ńkọ́? NCAA máa ń gbé máàkì kan jáde lọ́dọọdún lórí ìwé kíkà àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, APR lorúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fojú kékeré wò ó nítorí orúkọ ńlá. UConn tí mo yìn lókè yìí, máàkì yẹn ló jẹ́ kí wọ́n fòfin dè wọ́n kúrò nínú ìdíje 2013, ọdún kan ṣáájú kí wọ́n tó tún gbé ife. Ẹ wá a fún yunifásítì méjèèjì, ẹ sì wo ti ọdún mélòó kan, kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan.

Bí wọ́n bá pè yín wá wo ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má lọ lọ́jọ́ eré nìkan, torí ọjọ́ ariwo nìyẹn. Ẹ tọrọ láti jókòó wo ìgbaradì lọ́jọ́ lásán, kẹ́ ẹ sì máa wo àwọn tí kì í sábà wọlé gbá: ta ló ń kọ́ wọn, ṣé ẹnì kan tiẹ̀ ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé àdéhùn owó bá dé, lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín gbà ni kó kà á. Níbí ni wọ́n bí ọmọ yín, nítorí náà kò níṣòro ìwé ìgbélùú. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti ilé pẹ̀lú F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, gbọ́dọ̀ rí lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú kí ọmọ náà tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí físà yẹn ní ààlà lórí iṣẹ́ owó, físà náà sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn.