Etí ni mo kọ́kọ́ fi ń wo fíìmù

Àbúrò mi, o ní kí kálukú sọ ohun kan ṣoṣo tó ń mú fíìmù, orin tàbí eré orí tẹlifíṣọ̀n pé láìkù síbì kan. Àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi ń pe ìtàn, wọ́n ń pe òṣèré, ẹnì kan tilẹ̀ ní kámẹ́rà olówó ńlá ni. Ní tèmi o, ohùn ni. Fíìmù tí àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, a óò wò ó dópin. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá ń ha ni létí, kò ní pẹ́ tí ìyá mi yóò fi ní ká yí i síbòmíràn.

Owó ara mi ni mo fi ṣe fíìmù, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Ìtàn rẹ̀ dáa, àwọn òṣèré mọ iṣẹ́, abúlé kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn la ti yà á. Mo gba ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ohùn, owó rẹ̀ sì ju ti òṣèré méjì lọ. Lọ́jọ́ tí a ya ìran ìyàálé, ó lẹ máìkì kékeré mọ́ àyà arábìnrin tó ṣe ìyàálé náà lábẹ́ bùbá. Arábìnrin yìí wọ iyùn sọ́rùn, aṣọ òkè tuntun ló sì wà lára rẹ̀. Bó bá ti mí, iyùn á kọlu máìkì, kọ̀ọ́! Bó bá yíjú, aṣọ òkè á ha ara máìkì. Mo gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù, mo ní ká dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀gá ní kí n fọkàn balẹ̀, pé tí a bá délé, kọ̀ǹpútà á yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké, ó ní ìyẹn náà á lọ.

Kò lọ. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tó ń dún bákan náà láìdábọ̀ ṣeé dín kù, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń dín in ni wọ́n ń jẹ lára ohùn ènìyàn, títí gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú agolo. Ìró ìlẹ̀kẹ̀ tó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gé e tí wọn ò ní gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ohun tó tún bà á jẹ́ ni pé wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀. Bí òṣèré bá ti dákẹ́, ẹ̀rọ á wá ohun tó máa gbé sókè, jẹnẹrétọ̀ á bú jáde; bó bá tún sọ̀rọ̀, á lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe látòkè délẹ̀ fíìmù.

A wá kó àwọn òṣèré lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n wá tún ọ̀rọ̀ wọn sọ nínú yàrá. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi ti bàjẹ́. Bàbá kan wà tó ki oríkì ní abúlé. Lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé ń gbè é, orí rẹ̀ ń wú, ó ń ki ìran bàbá, ó ń ki ìran ìyá mọ́ ọn, omi bọ́ lójú àwa tó dúró tì í. Nínú yàrá yẹn, òun nìkan ló jókòó ti máìkì. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó kàn ń kà á ni, kò kì í mọ́. Ẹnu rẹ̀ nínú àwòrán ti pa dé, ohùn rẹ̀ ṣì ń bọ̀. Ọ̀gá onímọ̀ ohùn sì ti gba owó rẹ̀ pé, kò gbé fóònù mọ́.

Nígbà tí a gbé fíìmù náà lọ síbi ìdíje, olùkọ́ kan tó wà lára àwọn adájọ́ sọ fún mi pé òǹwòran Yorùbá kì í ka ohùn sí, pé ìtàn ni wọ́n ń bá lọ. Ta ló bi í léèrè? Àwọn ènìyàn tó ń gbọ́ ohun tí dùndún ń wí láìsí ògbufọ̀! Nínú èdè tó jẹ́ pé gbígbé ohùn sókè tàbí sísọ ọ́ sílẹ̀ ló ń yí ìtumọ̀ padà, ṣé ibẹ̀ ni a ó ti fojú fo ìró tó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀? Wo fíìmù Saworoidẹ tí Tunde Kelani gbé jáde ní 1999. Ìlù ló gbé gbogbo ìtàn yẹn ró. Tí ìlù náà kò bá dún ketekete, kí ló kù?

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le: ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé máìkì sókè orí òṣèré, ẹ fi ẹ̀rọ gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, ó parí.

   

Ní ti orin, ohun kan náà ni mò ń wá. Gbé àwo Haruna Ishola ti 1971 sí i, Oroki Social Club. Agídìgbo wà ńbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà ńbẹ̀, ìlù ń sọ tirẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù lẹ́nu bàbá náà. Nínú ọ̀pọ̀ orin tó ń jáde báyìí, ìró tó ń mi ilẹ̀ ti gbé ohùn olórin mì, mo ní láti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé kí ló ń wí.

Tí o bá fẹ́ gba ẹni tí yóò gba ohùn fún ọ, ní kó jẹ́ kí o gbọ́ iṣẹ́ tó ṣe níta gbangba, kì í ṣe èyí tó ṣe nínú yàrá. Kí ìwọ fúnra rẹ fi hẹ́dífóònù sétí kí àwọn òṣèré tó bọ́ aṣọ eré, má sì san owó rẹ̀ tán ṣáájú ìgbà yẹn.