Páálí Rẹ́kọ́ọ̀dù Méjì Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Bàbá

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ti tó ọdún kan tí àkọ́bí mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ti ń fi owó tí a ń fún un ra àlòkù rẹ́kọ́ọ̀dù ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù tí àwọn èèyàn fi tọrẹ. Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan fún un, irú èyí tó dà bí àpótí ìrìnàjò, tí sípíkà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi ní Abẹ́òkúta gbọ́, wọ́n ní kí n wá kó páálí rẹ́kọ́ọ̀dù méjì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn fún ọmọ náà, pẹ̀lú ṣénjà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ wọn. Ti Yusuf Ọlátúnjí àti ti Haruna Ìṣọ̀lá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan nípọn, wọ́n wúwo, wọ́n sì dàgbà ju èmi fúnra mi lọ. Àwọn mìíràn ti bu. Ọkọ mi ní pàǹtírí ni mo fẹ́ kó wọlé. Ṣé kí n kó wọn wá? Ṣé ẹ̀rọ ọmọ yìí lè gbé wọn? Báwo ni a sì ṣe ń fọ̀ wọ́n?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Bàbá Àdùkẹ́, London

Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo sì kí bàbá wa ní Abẹ́òkúta tí wọ́n tọ́jú nǹkan wọn di òní. Ẹ kó wọn wá. Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkankan nínú wọn fojú kan ẹ̀rọ alápòótí tó wà ní yàrá ọmọ yín, nítorí pé orí abẹ́rẹ́ ló yẹ kí òbí kọ́kọ́ náwó sí, kí owó tó kan àwo fúnra rẹ̀.

Kòtò tínńtín kan ṣoṣo ló yí ojú rẹ́kọ́ọ̀dù ká láti etí dé àárín, ara ògiri kòtò náà ni wọ́n sì gbẹ́ ohùn sí. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá ni ògiri ń mì ín, mímì yẹn ni ẹ̀rọ sì ń sọ di orin. Àwọn ẹ̀rọ alápòótí sábà máa ń fi ìwúwo bíi gíráàmù 5 tàbí 6 tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ gidi kì í sábà fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù 2 lọ. Gíráàmù 6 kò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni tó ń gbé àpò ìrẹsì, ṣùgbọ́n ibi tí abẹ́rẹ́ ti kan àwo kéré ju ẹnu abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ, orí ibẹ̀ sì ni gbogbo ìwúwo náà dúró lé. N kò sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò ba àwo jẹ́, bí àwọn kan ṣe ń pariwo rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń họ ọ́, ohùn tó ga, irú ti gòjé, ló sì máa ń kọ́kọ́ dà bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Sípíkà tó tún wà nínú àpótí kan náà ń gbọn abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i pé bí ìlù bá ti wọlé, abẹ́rẹ́ a fò.

Bí rẹ́kọ́ọ̀dù Michael Jackson bá bàjẹ́, ẹ ó rí òmíràn rà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nítorí pé àìmọye rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ jáde. Àwọn tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Yusuf Ọlátúnjí ti papò dà láti 1978, Haruna Ìṣọ̀lá láti 1983, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo wọn ni ẹnikẹ́ni kò sì tún tẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá wa wà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù tí ó ṣì dán. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé àṣìṣe tí ọmọ lè fi kọ́ṣẹ́, ara àwo dọ́là kan ni kó ti ṣe é.

Ẹ wá ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti mágínẹ́ẹ̀tì, tí òṣùwọ̀n kan tí ó ń yí sì wà ní ìdí apá rẹ̀, èyí tí a fi ń dín ìwúwo rẹ̀ kù tàbí tí a fi ń fi kún un. Àlòkù ni tèmi. Pọ́n-ùn 45 ni mo rà á lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ní ọjà òwúrọ̀ Sunday tí wọ́n ń ná ní pápá ilé-ìwé kan ní gúúsù London, mo sì ra abẹ́rẹ́ tuntun sí i lọ́jọ́ kejì, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ iye wákàtí tí abẹ́rẹ́ àlòkù ti ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé ohùn tó ń jáde láti ara irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kéré gan-an, ó sì nílò ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní phono preamp kí ó tó dé sípíkà. Àwọn ẹ̀rọ kan ti ní in nínú, àwọn mìíràn kò ní. Àìmọ èyí ló ń mú kí àwọn èèyàn ra ẹ̀rọ olówó iyebíye tán kí wọ́n wá máa ní kò dún sókè.

Ní ti ṣénjà bàbá, ẹ má tíì fi owó ẹrù ṣòfò lórí rẹ̀. Èmi tí mo wà ní London ìbá gbé e wá láìsí wàhálà, nítorí pé iná tiwa níbí àti ti Nàìjíríà bára mu. Ti Amẹ́ríkà ni kò bá a mu. Ẹ lè ra transformer tó ń sọ iná 120 di 240, kí ẹ sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ṣùgbọ́n hertz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹ́ 50 fún iná Nàìjíríà, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 60, transformer kì í sì í fọwọ́ kan ìyẹn rárá. Mọ́tò inú ọ̀pọ̀ ṣénjà àtijọ́ ń bá hertz iná rìn ni. Àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33 láàárín ìṣẹ́jú kan yóò wá máa yí ní nǹkan bí ìgbà 40, Haruna yóò sì máa kọ àpàlà bí ọmọdé tí ajá ń lé. Bí ó bá jẹ́ Garrard, tí wọ́n ṣe ní Swindon níhìn-ín, irin róbótó kan wà lórí mọ́tò rẹ̀ tí a lè fi èyí tí wọ́n ṣe fún hertz 60 pààrọ̀. Àfi bí ọmọ bá fẹ́ràn kí ó máa tú ẹ̀rọ kó sì máa tò ó padà, ẹ jẹ́ kí ṣénjà náà ṣì jókòó sí Abẹ́òkúta.

Àwọn àwo tó nípọn tí ẹ sọ nípa wọn ni ó gba sùúrù jù. Kí àwo oníke tó gbòde lẹ́yìn 1948, èyí tó ń yí ní ìgbà 78 ni gbogbo ayé ń lò, irú èyí tí Tunde King fi gbé orin jùjú jáde fún ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Parlophone ní 1936. Oje tí kòkòrò kan ń tọ̀ sára igi ní Íńdíà ni wọ́n pò mọ́ ẹ̀tù òkúta láti fi ṣe é, àwo gidi sì ni ní tòótọ́, nítorí pé bí àwo ìjẹun ni ó ń fọ́ bí ó bá já bọ́. Kòtò rẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwo oníke. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ lásán sí i, ìsàlẹ̀ kòtò ni yóò máa wọ́ kiri láàárín ìdọ̀tí ọdún 70, orin kò ní í jáde dáadáa, abẹ́rẹ́ náà yóò sì bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ni kò sì ní 78 rárá, nítorí náà ẹ wo bọ́tìnì rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Èmi gan-an fi ọwọ́ ara mi ba ọ̀kan jẹ́. Mo ti gbọ́ pé sípírítì díẹ̀ nínú omi ń mú kí àwo oníke mọ́, mo wá da irú omi náà sí aṣọ, mo sì fi nu àwo 78 kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fún mi. Ìlà mẹ́ta péré ni mo nù. Aṣọ náà dúdú bí ẹni pé mo fi nu ìdí ìkòkò, mo kọ́kọ́ dunnú pé ìdọ̀tí ló ń jáde, kí n tó rí i pé ibi tí mo nù ti pàdánù dídán rẹ̀, ó ti funfun bí awọ tí kò rí òróró. Oje kòkòrò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, sípírítì ni wọ́n fi ń yọ́ ọ. Òun náà ni àwọn káfíńtà ń lò láti fi kun àga kí ó lè dán. Kì í ṣe ìdọ̀tí ni mo ń nù, orin ni. Àdùkẹ́, tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà náà, wò mí, ó wo àwo, kò sì sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, omi nìkan pẹ̀lú ọṣẹ ìfọbọ́ bíńtín ni fún 78, kí ẹ sì nù ún gbẹ kíákíá. Fún àwọn oníke tó ti bu, ẹ mú wọn jáde síta, ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn èébu àti eruku ọyẹ́ kúrò kí omi tó kàn wọ́n, nítorí pé iyanrìn ni eruku wa, bí ẹ bá fi omi pò ó ẹ ti sọ ọ́ di ohun tí a fi ń họ nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò fi distilled water, irú èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì mọ́tò nílé, fọ̀ ọ́ ní yíyí, bí kòtò ṣe ń lọ, láìjẹ́ kí omi dé bébà àárín tí orúkọ olórin wà. Ẹ gbé e nàró títí yóò fi gbẹ. Ẹ da bébà inú tó ti bu nù, kí ẹ ra tuntun, ṣùgbọ́n ẹ má ju páálí ìta, bí ikán tilẹ̀ ti jẹ etí rẹ̀.

Mo ní ìdí. Nílẹ̀ òkèèrè, àwọn tó ń ta àlòkù rẹ́kọ́ọ̀dù máa ń dín owó rẹ̀ kù bí ẹnìkan bá ti fi bírò kọ nǹkan sára páálí. Èmi kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyẹn gan-an ni mò ń wá. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Àdùkẹ́ tó jẹ́ pé ní igun òkè, bírò búlúù kọ ọ́ síbẹ̀ pé Múṣin, Kérésìmesì 1974, àti nísàlẹ̀ rẹ̀: "Ẹni tó bá yá a, kó dá a padà." Pápá ilé-ìwé yẹn náà ni a ti rà á. Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ mọ́tò tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkó, ẹnikẹ́ni kò sọ ti èyí tó gba òdìkejì lọ.

Bí ọmọ bá ń ra ti ilẹ̀ wa níbi tí ẹ wà tàbí lórí Discogs, ọjà rẹ́kọ́ọ̀dù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́ ọ kó máa wo nọ́ńbà tó wà lára àwo: DWAPS ni ti Decca ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, NEMI ni ti EMI Nàìjíríà, SALPS sì ni ti ilé-iṣẹ́ Sunny Adé fúnra rẹ̀. Kó má sì jẹ́ kí lẹ́tà VG, tí àwọn tó ń tà á fi ń sọ bí àwo ṣe dára tó, tàn án. Wọ́n ní ó túmọ̀ sí pé ó dára gan-an. Lójú tèmi, ó túmọ̀ sí pé ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń dín dòdò.

Ìrìnàjò rẹ̀ kò le. Nǹkan bí gíráàmù 250 ni àwo oníke kan pẹ̀lú páálí rẹ̀, 40 nínú wọn sì jẹ́ kílò 10. Nínàró ni kí ẹ tò wọ́n, kí wọ́n fún mọ́ra, aṣọ yí wọn ká. Ẹ fọwọ́ gbé àwọn 78 wọ bàálù. Bí ẹ bá dé Houston, ẹ má dúró ra nǹkan kan lójú ọ̀nà kí àwọn àwo wà nínú ọkọ̀, nítorí pé oòrùn ibẹ̀ yóò ká wọn kò bí ewé gbígbẹ.

Ẹ sọ fún ọkọ yín, tó pè wọ́n ní pàǹtírí, pé kó fara balẹ̀ gbọ́ ojú kan péré. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 18 sí 20, orin kan sì lè máa bọ́ sínú èkejì láìdánudúró. Kò sí ibi tí ọmọ ti fẹ́ tẹ bọ́tìnì láti fò ó. Yusuf Ọlátúnjí, tí wọ́n ń pè ní Bàbá l'Ẹ̀gbá, a máa dárúkọ èèyàn, a máa kì wọ́n, a sì máa sọ ilé tí wọ́n ti jáde, àwọn tó ń kì yẹn sì jẹ́ èèyàn tí bàbá wa lè ti bá pàdé lójú agbo. Ẹ pe Abẹ́òkúta kí abẹ́rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀, kí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, kí ọmọ mú ìwé àti bírò dání. Nígbà tí a ṣe é pẹ̀lú bàbá ìyàwó mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kí a gbé abẹ́rẹ́ sókè nínú ojú kan ṣoṣo, kí àwọn lè sọ ẹni tí olórin ń bá wí.

Ẹ ya fọ́tò ìdí apá ẹ̀rọ ọmọ yẹn ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣeé pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ kúkú fi tọrẹ padà fún ṣọ́ọ̀bù.