Èsì: Ṣé kí n ra Ptolus tuntun nígbà tí ti 2006 wà lọ́wọ́ mi?

Ptolus jẹ́ ìwé nípa ìlú àròsọ kan fún eré Dungeons & Dragons (D&D), níbi tí àwọn òṣèré ti ń ṣe bí akọni inú ìtàn. Bó bá jẹ́ òfin 3.5, ẹ̀dà D&D àtijọ́, lẹ ṣì ń lò, ẹ má rà á. Ìlú kan náà ni: àdúgbò, ìtàn, àti Spire, ṣóńṣó òkúta tó ga ju gbogbo ilé lọ. Òfin eré ló yí padà, sí 5E (ẹ̀dà karùn-ún D&D) tàbí Cypher System, ètò òfin eré mìíràn. Àwọn ìtọ́ka etí ojú ewé, tó dára púpọ̀ lójú tèmi, ti wà nínú ti 2006.

Àmọ́ 5E lẹ ní ẹ fẹ́ lò. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé àtijọ́ ṣe é, ẹ má kó nọ́ńbà rẹ̀ wọlé bó ṣe wà:

1. Nínú 3.5, rogue (irú akọni tó mọ iṣẹ́ olè) ìpele 7 lè ní rank 10 (ìwọ̀n ìmọ̀ iṣẹ́) nínú iṣẹ́ kan, nítorí náà DC 25 (nọ́ńbà tó gbọ́dọ̀ dé kó tó ṣàṣeyọrí) kò pọ̀ jù fún un. Nínú 5E, proficiency rẹ̀ (àfikún fún iṣẹ́ tó mọ̀) jẹ́ +3, expertise (ìmọ̀ àkànṣe) ló ń sọ ọ́ di +6. Ẹ dín DC náà kù sí 17 tàbí 18.

2. Nínú orúkọ àwọn iṣẹ́, Spot (rírí) àti Listen (gbígbọ́) di Perception. Search (wíwá nǹkan) sábà máa ń di Investigation.

3. Ẹ mú orúkọ ẹ̀dá abàmì nìkan, kí ẹ wo AC (bó ṣe ṣòro tó láti bà) àti hit points (ìwọ̀n ẹ̀mí) rẹ̀ nínú Monster Manual, ìwé ẹ̀dá abàmì ti 5E.

Àwọn èèyàn ìlú tó ní ìpele class (irú akọni, bíi rogue) ló nira jù láti yí padà. Bí wọ́n bá máa jà dáadáa nínú eré yín, ẹ ra tuntun.