Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ Alnwick, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná

Sister tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ àti màmá yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn lọ sí ìlú Alnwick ní àríwá England fún ọjọ́ mẹ́ta ní August, tẹ́ ẹ̀ ń béèrè ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò àtèyí tẹ́ ẹ lè fò, ẹ jẹ́ n bá yín sọ ọ́ torí mo ti jìyà ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti lọ. Newcastle là ń gbé, wákàtí kan ò pé tá a bá gba títì A1, síbẹ̀ owó tí mo ti fi ṣòfò lọ́nà yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ n ṣírò ẹ̀. Kí n má gbàgbé, Ánìk ni wọ́n ń pè é o. Mo pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún dẹ́rẹ́bà básì kan, ló bá ń wò mí bí ẹni pé mo bú u.

Ìgbà àkọ́kọ́, half-term oṣù Kejì, tí àwọn ọmọ iléèwé gba ìsinmi, la lọ. Láti Kérésì ni mo ti ń fi ibẹ̀ tan àwọn ọmọ pé wọ́n á rí ilé Harry Potter, torí inú ọgbà ààfin Alnwick ni wọ́n ti ya ibi tí àwọn ọmọ yẹn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ìgbálẹ̀ fò nínú fíìmù àkọ́kọ́. A dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti tì í gbọingbọin. Ọmọ mi kékeré gbé iwájú orí lé ìlẹ̀kùn ńlá yẹn, kò sọ̀rọ̀, kò sunkún, ikun ṣáà ń dà nímú ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé wọn kì í ṣí ibẹ̀ nígbà òtútù, ìparí March ni wọ́n ń ṣí i, tó bá di ìparí October wọ́n á tún tì í. Ilé onílé ni kẹ̀, Duke of Northumberland àtàwọn ará ilé ẹ̀ ṣì ń sùn níbẹ̀, àtọdún 1309 ni ìdílé wọn, ìyẹn Percy, ti rà á. Ní England, tẹ́ ẹ bá ti yọ ti Windsor kúrò, kò sí ilé olódi téèyàn ṣì ń gbé tó tóbi tó o.

Ibi tí mo ti ń ronú bí mo ṣe máa rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ni èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Àṣé Tuesday tó ṣáájú Ash Wednesday ni, ọjọ́ tí ìlú máa ń gbá bọ́ọ̀lù àtijọ́ wọn, àwa ò mọ̀. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ látorí ògiri ààfin, ọkùnrin tó ń fọn bagpipe ṣíwájú, gbogbo wa tẹ̀ lé e lọ sórí pápá ìsàlẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì St Michael lápá kan, ti St Paul lápá kejì, èèyàn bí eéṣú, ẹni tí bọ́ọ̀lù ò kàn kò mọ̀ pé eré ń lọ lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n sì parí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sódò Aln, ẹni tó bá lúwẹ̀ẹ́ yọ ọ́ jáde ló ni ín. Nínú òtútù oṣù Kejì o! Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, àfìgbà tẹ́nì kan sọ fún un pé ọmọ ìdílé Percy yẹn kan, Harry Hotspur, tí wọ́n pa lójú ogun ní Shrewsbury ní 1403, lorúkọ ẹ̀ tí Tottenham Hotspur ń jẹ́. Arsenal lọkọ mi. Ère Hotspur wà nínú ìlú, kò gbà ká ya fọ́tò nídìí ẹ̀ títí dòní.

Ibi tó yọ wá lọ́jọ́ yẹn ni Barter Books, ẹ má fò ó, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Sítéṣọ̀n réluwé ni tẹ́lẹ̀, 1887 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí réluwé ò dé ìlú mọ́ láti 1968 (ìdí nìyí tẹ́ ẹ fi máa bọ́ sílẹ̀ ní Alnmouth kẹ́ ẹ tó wọ básì tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láìsí mọ́tò) ni wọ́n wá sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé tòkunbọ̀. Iná ń jó nínú ààrò, réluwé ìṣeré ń yípo lórí àwọn ṣẹ́ẹ̀fù, ọmọ mi kékeré na ọrùn sókè ń wò ó fún odindi wákàtí kan, ọ̀rọ̀ ààfin tán lẹ́nu ẹ̀. Kò ná mi ju tíì àti ìwé méjì lọ.

Ẹ tún gba iwájú ilé ọtí kan kọjá, Dirty Bottles lorúkọ ẹ̀. Àwọn ìgò àtijọ́ kan wà lójú fèrèsé, eruku bò wọ́n bí àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n ní ó ti tó igba ọdún tí onílé ọtí fọwọ́ kàn wọ́n tó ṣubú lulẹ̀ tó kú, tí ìyàwó ẹ̀ wá sọ pé ẹni tó bá tún kàn án á bá a lọ. Títí dòní kò sẹ́ni tó nù wọ́n, gíláàsì ni wọ́n fi há wọn mọ́. Àwọn òyìnbó tó ń sọ pé àwa la nígbàgbọ́ nínú èèwọ̀!

Ìgbà kejì, August bíi tiyín, màmá mi wà lọ́dọ̀ wa. Tíkẹ́ẹ̀tì ààfin ọ̀tọ̀, ti Alnwick Garden ọ̀tọ̀, abúlé ìṣeré àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Lilidorei náà ọ̀tọ̀, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ san gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan owó á rìn, ẹsẹ̀ màmá náà á wú. Tèmi ni pé ẹ mú Garden fún màmá. Ọgbà májèlé wà nínú ẹ̀, géètì dúdú tó ní àwòrán agbárí, ẹ ò lè dá wọ̀ ọ́, ẹnì kan ló máa mú yín kiri, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbóòórùn ẹ̀. Igbó gan-an wà níbẹ̀, wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí wọ́n tó gbìn ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa kiri dé ìdí igi kan, ó sọ ohùn kalẹ̀ pé inú èso eléyìí ni wọ́n ti ń yọ ricin, ìwọ̀nba kíún ló ń pa èèyàn. Màmá mi yọ awò ojú. “Ṣé lárà kọ́ nìyí? Lárà ẹ̀yìnkùlé wa? Èyí táwọn Ibo ń fi ṣe ògìrì?” Mo bá túmọ̀ ẹ̀, ó di pé ọmọ yẹn ń bi màmá léèrè, màmá ń ṣàlàyé pé sísè ni wọ́n máa sè é kí wọ́n tó sin ín kó kan, mo di ògbufọ̀ lọ́sàn-án gangan, àwọn tó kù dúró ń gbọ́.

Ó wá kan Holy Island, tí wọ́n tún ń pè ní Lindisfarne, ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa nìyí. Ìwọ̀n ogójì ìṣẹ́jú ni láti Alnwick. Òkun ló yí i ká, títì kan ló sì wọ ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń bo títì yẹn mọ́lẹ̀ fún wákàtí bíi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Kò sí géètì tó máa dá yín dúró. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbé àkókò tó dáa láti kọjá jáde, ojoojúmọ́ ló ń yí, nítorí náà àkókò àná ò wúlò fún yín lónìí.

A mọ àkókò yẹn o, mo ti ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá gbọ́ pé àtọdún 635 ni ẹni mímọ́ Aidan ti wá dá ilé àdúrà sílẹ̀ níbẹ̀, pé àwọn Viking, olè orí òkun, wá kó o ní 793 síbẹ̀ àdúrà ò tán nílẹ̀ yẹn, ó bọ́ bàtà láàárín àwọn òpó òkúta tó ti wó, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ò lè sọ fún ìyá Sẹ̀lẹ́ pé kó ṣe àmín kíá. Ìgbà tá a fi dé etí títì, àkókò ti fi bí ìṣẹ́jú ogún kọjá.

Títì gbẹ. Ọkọ mi ní, “Ṣé ẹ rí i, omi ò tíì dé, ẹ jẹ́ ká sáré.” Ó ti tẹ gíà. Màmá mi, ọmọ Ìlàjẹ ni, Ayétòrò ni wọ́n bí i sí, níbi tí òkun ti jẹ ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gan-an, ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn gbá èjìká ọkọ mi mú: “Òkun kì í gba iwájú wá bá èèyàn. Wo ẹ̀gbẹ́.” A wo ẹ̀gbẹ́. Omi ti ń yọ́ wọnú iyanrìn lọ́tùn-ún lósì, láìpariwo, bí omi tó ń wọ ẹní, kò ga ju ìka lọ. Kí n tó wá fóònù nínú báàgì, ó ti pàdé ara ẹ̀ lórí ọ̀dà níwájú. Yàrá funfun kékeré kan wà lórí òpó gíga nídìí títì yẹn, àtẹ̀gùn ló gùn lọ sókè, ibẹ̀ làwọn tí omi ká mọ́ ń sá gùn, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gba ẹ̀mí là láti Seahouses á wá kó wọn, mọ́tò wọn á sì wà nísàlẹ̀ nínú iyọ̀. Ọkọ mi rọra fi ẹ̀yìn yí padà.

Bá a ṣe jókòó sí erékùṣù di alẹ́ nìyẹn. Chin-chin la jẹ. Nígbà tílẹ̀ ń ṣú, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í hu lójú òkun bí obìnrin tó ń sunkún òkú, àwọn ọmọ há mọ́ mi lára, àṣé àwọn seal, ẹran inú òkun, ló ń ké lórí iyanrìn. Màmá ní òun ti mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn. Ẹ má bi í bó ṣe mọ̀.

Èyí tó kù ò gùn. Ẹ fẹ́ gbé àwọn ọmọ wo ẹyẹ puffin ní àwọn erékùṣù Farne? Tó bá di August wọ́n ti lọ, àárín April sí July ni kẹ́ ẹ máa wá. Ẹ lọ abúlé Bamburgh dípò ẹ̀, musíọ̀mù Grace Darling ò gbowó, òun ni ọmọbìnrin ọdún 22 tó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ pẹ̀lú bàbá ẹ̀ lọ kó àwọn tí ọkọ̀ wọn fọ́ nínú ìjì ní 1838. Ọjà Alnwick, Thursday àti Saturday. Kẹ́ ẹ sì ya abúlé Craster, ẹ ra kippers. Ẹja ṣawa ni o, wọ́n là á lẹ́yìn, wọ́n gbé e sórí èéfín igi oak di ọjọ́ kejì. Màmá mi fi se ẹ̀fọ́ rírò, ó ní bíi tilé gan-an ló rí lẹ́nu. Ẹ wé e dáadáa sá, ọ̀sẹ̀ méjì lòórùn ẹ̀ fi wà nínú mọ́tò wa.

Ẹ ò sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ̀ ń lọ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ eléyìí, màá bá yín wo àkókò omi ti ọjọ́ yẹn.